Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní À Ń Ṣe Àgbá

Ọkọ mi ń kan àgbá. Nígbà tí mo wọlé ọkọ, kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní gbogbo Ṣàgámù, n kò sì gbọ́ pé ó wà ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ògèrè. A mọ àgbá lóòótọ́. Inú rẹ̀ ni ọtí òyìnbó ń bá wá, inú rẹ̀ ni ẹ̀tù ìbọn ń bá wá, bó bá sì ti ṣófo, àwa obìnrin a gbé e sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ ká fi gba omi òjò. Ṣùgbọ́n pé ènìyàn dúdú bíi tiwa lè jókòó sábẹ́ àtíbàbà, kó to pákó ti pákó láìkan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ọn, kó fi ọ̀já irin dì í lámùrè, kó sì di ohun tí epo kò lè jò níbẹ̀, ìyẹn ya gbogbo ará ilé wa lẹ́nu.

Ọmọ tí obìnrin Rẹ́mọ kan bí ni ọkọ mi. Wọ́n kó ìyá rẹ̀ lẹ́rú kó tó bí i. Èkó ló dàgbà sí, lọ́dọ̀ bàbá Àgùdà kan tó ti òkè òkun padà dé, bàbá náà ló sì kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ń kú lọ, ó ní kí ọmọ òun padà sí ilẹ̀ àwọn òun. Ó wá pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ kan àti aṣọ méjì. Kò mọ ẹnikẹ́ni. Orúkọ agbo ilé ìyá rẹ̀ tó ń béèrè, ogun ti fọ́n agbo ilé náà ká kó tó dé. Èmi, wọ́n ti bí mi kí àwọn ìlú wa tó kó jọ sójú kan tí wọ́n di Ṣàgámù. Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà lọ́jọ́ tí wọ́n kó dé. Mo mọ bí ó ti ń ṣe ènìyàn láti wà níbi tí kì í ṣe ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Bóyá ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn.

Bàbá mi ti kú nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ bàbá kan náà pẹ̀lú mi, ni olórí ilé. Òun ló fi mí fún ọkọ mi, òun ló sì fún un ní ẹ̀yìnkùlé wa láti pàgọ́ iṣẹ́ sí, nítorí pé ọkọ mi kò ní ilẹ̀. Ìfẹ́ wà láàárín wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan náà.

Alárù epo ni ẹ̀gbọ́n mi, olórí wọn sì ni. Ní ayé ìgbà náà, epo tí a bá fọ̀ ní oko Rẹ́mọ, inú ìkòkò la ń rọ ọ́ sí, orí ènìyàn ló sì ń bá dé Ìkòròdú. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá súfèé láàárọ̀, ọkùnrin àti obìnrin yóò tò lẹ́yìn rẹ̀ bí ìjàlọ, ìkòkò lórí olúkúlùkù. Ọrùn rẹ̀ ki, àárín orí rẹ̀ kò sì nírun mọ́. Ìyá rẹ̀ ti gbé ẹrù, òun náà gbé e, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa gbé e.

Nígbà tí ọkọ mi kan àgbá ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́ tán, àwọn obìnrin tó ń fọ epo rọ epo kún un. Ọkùnrin mẹ́rin ló yí i dé Ìkòròdú. Wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lọ lójú ọ̀nà, wọ́n ń fi igi dá a dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ohun tó wà nínú àgbá yẹn, ogún ènìyàn kò ní gbé e tán. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n títí wọ́n fi kọjá odi. Láti ọjọ́ náà kò bá ọkọ mi jẹun mọ́.

N kò fura. Mo rò pé inú ń bí i lásán ni, pé yóò lọ.

Ọjọ́ kan wà tí mo béèrè lọ́wọ́ ọkọ mi pé kí ló dé tí wọ́n fi ń pe nǹkan yìí ní àgbá. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, ó wá pọ́n àdá rẹ̀. Ọkọ mi ní bàbá Àgùdà tó kọ́ òun níṣẹ́ sọ pé ohùn òòlù ni. Bí a bá ń fi òòlù ti ọ̀já irin wọlẹ̀, gbá, gbá, gbá ló ń dún, àwọn tó ń gbọ́ ọ lókèèrè ló fi ohùn rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí sókè. Ó ní ìbọn ńlá tí òyìnbó fi ń wó odi ìlú ńkọ́, tí wọ́n ń pè ní àgbá, ṣé òòlù ló ń dún lára ìyẹn náà?

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, irin nìyẹn. Rírọ ni alágbẹ̀dẹ ń rọ ìyẹn. Tèmi yìí, kíkàn ni."

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti gbọ́. Ó sì padà sí ìdí òkúta tó fi ń pọ́n àdá.

Àsìkò tí mò ń sọ yìí, ọkàn ìlú kò balẹ̀. Òyìnbó Èkó àti Ìjẹ̀bú Òde ń bínú síra wọn nítorí ojú ọ̀nà. Àwa Rẹ́mọ wà láàárín. Bí a bá ṣí ọ̀nà fún Èkó, Òde yóò ní a ti tà wọ́n; bí a bá tì í, ebi yóò pa wá, òyìnbó yóò sì ní ọ̀tá òun ni wá. Lójoojúmọ́ ni àlejò ń mú ìròyìn wá pé òyìnbó ń bọ̀ pẹ̀lú àgbá tó ń fọ́ odi bí ẹni fọ́ ìkòkò. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń ṣọ́ odi láàárọ̀ àti lálẹ́. Wọn kò sùn dáadáa, ọtí ń pa wọ́n, ìbọn wà lọ́wọ́ wọn, kò sì sí ẹni tí wọ́n tíì rí yìn ín sí.

Àwọn wọ̀nyí ni ẹ̀gbọ́n mi lọ bá. Ó ní wọ́n ń ṣe àgbá ní ẹ̀yìnkùlé òun. Ó ní ará Èkó ló ń ṣe é.

Ọjọ́ náà, oòrùn ti là dáadáa. Ọkọ mi gbé àgbá ńlá kan dúró lórí iná. Bí iṣẹ́ náà ti rí nìyí: bí ó bá ti to àwọn pákó jọ, tí ó fi ọ̀já irin de orí kan, ìdí kejì yóò ṣì là gbàgà bí ẹsẹ̀ yẹ̀rì. Yóò wá dáná wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, èmi yóò sì máa bu omi gbígbóná lé ẹ̀yìn pákó náà, títí igi yóò fi rọ̀, tí yóò gbà kí a tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Kò tíì ní ìdérí. Ẹnu rẹ̀ dúdú, èéfín ń rú jáde níbẹ̀. Àgbá mẹ́ta tó ti kún fún epo wà lẹ́bàá ògiri. Ìkòkò omi mi ń hó lórí ààrò.

Ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà gbà wọlé. Wọ́n tó ogún. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn wọn, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà tóóró tó wọ agbo ilé, kò wọlé. Ẹni tó ṣáájú wọn jẹ́ ọmọkùnrin gíga kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lójú. Ọmọ opó kan ni ní àdúgbò kejì, a sì máa ń bá ìyá rẹ̀ pàdé lódò.

Wọ́n rí ohun tó dúró lórí iná. Gbogbo wọn dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n rí ẹnu dúdú, wọ́n rí èéfín. Ọ̀kan nínú wọn sọ wẹ́lẹ́ pé òun nìyẹn.

Ọkọ mi kò kọ́kọ́ lóye ohun tí wọ́n bá wá. Nígbà tí ó yé e, ó na ọwọ́ òsì sí wọn bí ẹni ń rọ ọmọdé, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, igi ni. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, igi ni." Ó gbé òòlù sókè, ó lù ú kí wọ́n lè gbọ́.

Ohun tó ṣófo kì í dún bí igi lásán. Ó dún gbòà, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá a padà. Ẹnì kan lẹ́yìn yìnbọn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀mejì, ẹ̀mẹta. Ọta kan ba ọ̀já irin, ọ̀já náà já, gbogbo pákó tí a ti fi ọjọ́ mẹ́ta tò ṣí yà bí òdòdó, iná dà sílẹ̀ láàárín wa. Ọta mìíràn lu àwọn àgbá epo. Epo pupa ń tú jáde bí ẹ̀jẹ̀ ẹran tí a dúńbú, ó ń ṣàn lọ síbi tí iná wà.

Ọkọ mi ṣì gbé òòlù náà dání. Mo gbà pé òun ni ọmọ opó yẹn rí, òòlù tó wà lókè. Ó gbé àdá, ó sì bẹ́ ọwọ́ náà lọ́rùn ọwọ́. Ọwọ́ náà bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú òòlù, àwọn ìka kò tíì tú. Ọkọ mi kò ké. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí, ó jókòó wẹ́rẹ́ sínú epo.

Ọmọ náà tún gbé àdá rẹ̀ sókè.

Ohun tí mo ṣe, n kò ronú sí i. Mo fi etí aṣọ mi di ìkòkò tó ń hó mú, mo sì dà á sí i lójú àti láyà. Ó ju àdá nù. Ó fẹ́ sáré, epo yọ̀ ọ́, ó ṣubú sórí ẹ̀yin iná. Mo mú ọmọ irin tí ọkọ mi fi ń ti ọ̀já, mo lù ú lórí lẹ́ẹ̀kan. Mo tún lù ú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ̀rù ló mú mi lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Ìbínú ni.

Àwọn tó kù ń yọ̀ nínú epo, wọ́n ń fọ́ ohun tí ọwọ́ wọn bá bà. Bí wọ́n ti ń la àwọn àgbá, wọ́n ń rí i pé epo ló wà nínú wọn, pé pákó ni gbogbo rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n dáwọ́ dúró. Ọ̀kan tẹ̀ ba, ó mú pákó kan, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọmọ opó náà wà láàyè síbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti bó. Ó ń wá mi pẹ̀lú ọwọ́, bóyá nítorí ohùn obìnrin ni, ó ní, "Ìyá, omi." Èmi di apá ọkọ mi mú, mò ń fi gèlè dì í. Mo gbọ́ ọ. N kò dá a lóhùn. Wọ́n gbé e lọ lórí ìlẹ̀kùn kan tí wọ́n yọ, ó sì kú kí oòrùn tó wọ̀.

Nígbà tí mo wo ẹnu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi kò dá. Ìyá mi ti sọ fún mi rí bí wọ́n ṣe tọ́jú ọdẹ kan tí ìbọn rẹ̀ gé lọ́wọ́. Mo bu epo láti inú àgbá tó fọ́, mo gbé e kaná títí ó fi ń rú èéfín. Obìnrin méjì bá mi di ọkọ mi mú. Mo ní kó fi eyín mú mi léjìká, mo sì ti kùkùté apá rẹ̀ bọ inú epo náà. Ibẹ̀ ló ti ké. Àpá eyín rẹ̀ ṣì wà léjìká mi títí di òní.

Bí a ti wà nínú yàrá, mo ń gbọ́ ohùn igbá lẹ́yìnkùlé. Àwọn aládùúgbò wa ń fi igbá kéékèèké bu epo lórí ilẹ̀. Wọ́n rọra ń bù ú, wọ́n ń yọ eérú iná tí epo náà ti bò pa àti ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. N kò lé wọn.

Ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n pè wá sí ààfin ní Ofin. Wọ́n gbé ọkọ mi lọ lórí ẹní, ibà ń gbọ̀n ọ́n. Àwọn ìjòyè jókòó, àwọn ọ̀dọ́ tó wá bá wa dọ̀bálẹ̀ lápá kan, ìyá ọmọ tó kú jókòó lápá kejì pẹ̀lú aṣọ dúdú lórí. Wọ́n ti rí ẹ̀gbọ́n mi mú ní oko. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ bi léèrè.

Kò gbọ̀n. Ó ní òun kò pa irọ́. Ó ní, "Mo ní wọ́n ń ṣe àgbá. Ẹ bi wọ́n pé ṣé wọn kò ṣe àgbá."

Ìjòyè kan ní òtítọ́ ni ó sọ, pé orúkọ kan náà ni nǹkan méjèèjì ń jẹ́, pé ẹni tó gbọ́ ló ṣì gbọ́. Àwọn mìíràn ń mi orí. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́ yọ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn báyìí, kí ó sì di ẹ̀bi ẹni tí kò sí.

Bàbá arúgbó kan wà láàárín wọn, ojú rẹ̀ ti fọ́. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé kì í sọ̀rọ̀ ní ìgbìmọ̀ mọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ ibi tí orúkọ náà ti wá, nítorí pé òun wà níbẹ̀.

Ó ní etí ọ̀sà ni wọ́n ti bí òun. Nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ọtí òyìnbó ni ọkọ̀ kọ́kọ́ ń kó wá. Wọn kì í gbé e. Wọn a sọ ọ́ sílẹ̀ létí omi, àwọn ará ìlú yóò máa fi ọwọ́ gbá a gòkè, gbogbo ọmọdé yóò máa bá wọn gbá a. Nítorí pé gbígbá ni wọ́n ń gbá a ni wọ́n fi ń pè é ní àgbá. Bí ẹnì kan bá pariwo pé àgbá dé, ìyá yóò wá igbá, bàbá yóò wá igbá. Ó wá di ọdún kan, olówó ẹrú kan tó ń bá ìlú wọn ṣọ̀tá wá pẹ̀lú ọkọ̀. Àwọn ará ìlú rí i tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń yí nǹkan roboto dúdú gòkè bọ̀. Ẹnì kan béèrè pé kí ni wọ́n ń yí bọ̀ yẹn. Àwọn tó ń yí i dá a lóhùn pé àgbá ni.

Bàbá náà ní, "Wọ́n mú igbá jáde. Ìyá mi mú igbá jáde, èmi dì í láṣọ mú. Nígbà tí ó dún, igbá ìyá mi ni mo kọ́kọ́ rí tó fò lọ, lẹ́yìn náà mo wá orí rẹ̀, n kò rí i. Ẹ lè ní kí ló dé tí a kò fi wá orúkọ mìíràn fún èyí tó ń pani. Ta ló kù létí omi ọjọ́ náà tí ì bá wá a?"

Bàbá náà yí ojú rẹ̀ tó fọ́ sí apá ibi tí ohùn ẹ̀gbọ́n mi ti wá.

"Ìwọ, àgbẹ̀ kì í sọ pé òun ń ṣe iṣu, gbígbìn ló ń gbìn ín. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń kàn, alágbẹ̀dẹ ń rọ. Gbogbo ọmọ tí obìnrin Rẹ́mọ bí ló mọ̀ ọ́n. Ìwọ ní wọ́n ń ṣe. Èwo lo fẹ́ kí wọ́n gbọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀. Mo ní mo fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà mí láyè. Mo sọ fún wọn nípa ọjọ́ tó wá pọ́n àdá, bí ọkọ mi ṣe sọ ọ́ fún un pé kíkàn ni, rírọ kọ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó gbé ojú sókè wò mí. Ó ní, "Ogójì orí ló ń jẹun lábẹ́ mi, àbúrò." Ohun tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. N kò tíì lè kórìíra gbólóhùn náà tó bí mo ṣe fẹ́.

Wọ́n lé e kúrò ní ìlú. Àwọn ọ̀dọ́ tó yìnbọn nà án jáde láti Ofin dé ẹnu odi pẹ̀lú pàṣán, àwọn kan náà tí ó ti rán sí wa. Ó ń lọ láìsáré, aṣọ rẹ̀ já, ẹ̀yìn rẹ̀ bó, ó gbé ọrùn rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ó ru ẹrù fún àwọn ọmọ ogun òyìnbó nígbà tí ogun dé. Àwọn mìíràn ní ó kú sí ọ̀nà Èpé. Èmi kò rí i mọ́.

Ní tèmi, wọ́n ní ẹ̀mí ọkọ mi ni mò ń gbà là nígbà tí mo da omi. Ṣùgbọ́n wọ́n béèrè bí mo ṣe lu ọmọ opó náà nígbà tó ti wà nílẹ̀, n kò sì purọ́. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ kò ní ọmọ mìíràn. Wọ́n ní kí n máa ṣe ọmọ fún un: kí n pọnmi, kí n ṣẹ́gi, kí n gbálẹ̀, títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé bá a.

Mo lọ. Ọdún kan gbáko, obìnrin náà kò bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, yóò yí ojú sí ògiri. Nígbà mìíràn mo máa ń bá omi tí mo pọn lánàá lórí ilẹ̀, ó ti dà á nù, ó sì lọ pọn tirẹ̀ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Mo ń pọn òmíràn. Nílé, ọkọ mi ń kọ́ bí ènìyàn ṣe ń fi ọwọ́ òsì ṣe iṣẹ́. Ó ń na àwọn nǹkan. Ó na ajá, ó na ògiri, ọjọ́ kan ó nà mí. Lẹ́yìn rẹ̀ ó fi kùkùté apá bo ojú, ó sì sunkún. Ó padà kan àgbá, kéékèèké, pẹ̀lú ẹsẹ̀ àti ọwọ́ kan. Wọ́n ń jò díẹ̀.

Ọdún kejì ni ogun tí òyìnbó bá Ìjẹ̀bú jà dé. Àkókò òjò ni. Èmi àti ìyá náà wà ní àgbàlá rẹ̀, à ń pa èkùrọ́, olúkúlùkù pẹ̀lú òkúta tirẹ̀. A gbọ́ ìró kan ní apá ìlà oòrùn, lọ́nà jíjìn, mo rò pé àrá ni. Ó tún dún. Ojú ọ̀run kò ṣú. Àwọn adìyẹ sá wọlé.

Ó dá ọwọ́ dúró. Ó ní, "Ṣé èyí ni wọ́n ní ọkọ rẹ ń ṣe?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó bá mi sọ̀rọ̀. Mo ní, "Èyí ni, ìyá."

Ó tẹ́tí sí i títí, bí ẹni ń gbọ́ ohùn ẹni tí ó mọ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá ọmọ òun sọ ohunkóhun. Ó ní àwọn tó gbé e wálé ní kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n òun mọ ọmọ òun, kì í dákẹ́.

Mo lè purọ́. Mo ti ronú irọ́ náà lọ́pọ̀ ìgbà, pé ó pe orúkọ rẹ̀, pé ó ní kí wọ́n kí i. Mo sọ fún un pé ó tọrọ omi lọ́wọ́ mi, pé mo gbọ́, pé n kò fún un.

Ó sọ òkúta tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lù mí lẹ́nu. Eyín méjì bọ́ sínú àwo èkùrọ́. Ó dìde, mo rò pé yóò tún mú òmíràn, n kò sì gbé ọwọ́ bojú. Inú ilé ló wọ̀. Nígbà tó jáde, ó gbé ahá omi dání, ó gbé e ka iwájú mi.

Ó ní, "Mu ún."

Mo mu ún pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ẹnu mi. Ó dúró lé mi lórí títí mo fi mu ún tán.

Láti ìgbà náà ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó dùn. Yóò ní omi kò tó, yóò ní n kò gbálẹ̀ dé abẹ́ àkéte. Ìgbà mìíràn yóò sọ nípa ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé n kò mọ ohun tó pa á. Ọdún mẹ́rin mìíràn ló lò. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń yí i padà. Ó ní bí òun bá kú, kí n wá wẹ òkú òun. Mo ní mo gbọ́.

Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ ọjà. Mo mú kànìnkànìn àti aṣọ funfun kan, mo lọ. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti Ìlárá dé, àwọn tí n kò rí rí ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Mo sọ fún wọn pé ó ní kí n wá. Ọkùnrin kan nínú wọn, àbúrò bàbá ọmọ tó kú, gbá mi létí, mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ó ní ọwọ́ tó pa ọmọ kì í wẹ ìyá.

N kò bá a jà. Mo gbé kànìnkànìn náà sẹ́nu ọ̀nà fún ẹni tí yóò lò ó. Mo lọ jókòó sábẹ́ igi tó kọjú sí yàrá rẹ̀, etí mi ń hó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ilẹ̀ yàrá náà láti sin ín, ọkọ́ ń bọ́ sí ilẹ̀ líle tí mo ti ń gbá fún ọdún mẹ́fà. Mo wà níbẹ̀ títí ìró ọkọ́ náà fi dáwọ́ dúró.